Ẹgbẹ́ Tí Àdúràọlá Wọ̀ ní Leeds

Leeds, Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì
Ọjọ́ Keje, Oṣù Kọkànlá, 1993

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Okun o. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ibi tí òtútù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ orúnkún mi di igi. Ṣé àlàáfíà ni ẹ wà? Ṣé àwọn ọmọ ilé ìwé yín ò dà yín láàmú jù? Ẹ bá mi kí Bàbá Ìlọrin bí ó bá wá sílé láti Lọ́kọ́ja. Láti ìgbà tí Dádì ti kú, òun tó jẹ́ àbúrò Dádì ni mo fi ń rọ́pò rẹ̀, ṣùgbọ́n mo ti kọ̀wé sí i, kò fèsì.

Ẹ̀kọ́ nípa oúnjẹ tí mo wá kọ́ ń lọ déédéé. Wọ́n ní kí n wádìí ohun tí kì í jẹ́ kí gààrí tètè bàjẹ́. Àwọn Òyìnbó inú kíláàsì wa kò rí gààrí rí, wọ́n ń tọ́ ọ wò bí ẹni tó ń jẹ iyanrìn.

Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an nìyí. Yunifásítì wa àti ẹgbẹ́ àánú kan tó ń jẹ́ Afetísílẹ̀ ti jọ ṣe àdéhùn. Ẹgbẹ́ náà yóò máa kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́, yunifásítì yóò yọ̀ǹda yàrá àti tẹlifóònù, àwa tí a bá sì yege yóò máa fi ọ̀sán kan lọ́sẹ̀ ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Mo ti fi orúkọ sílẹ̀. Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n ń kọ́ wa, ní yàrá kan tó wà lábẹ́ ilé ìkàwé. A ti búra pé ohun tí a bá gbọ́ níbẹ̀, a kò ní sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, títí kan ìyá tó bí wa. A kì í sì í sọ orúkọ ìdílé wa níbẹ̀. Inú mi dùn sí i ju bí mo ṣe lè kọ ọ́ lọ, bébà yìí sì ti ń tán.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ata gígún díẹ̀ ránṣẹ́. Ọbẹ̀ ibí yìí, bí omi ìfọwọ́ ni.

Ọmọ yín,
Àdúràọlá

*

Kábbà
Ọjọ́ Kọkàndínlógún, Oṣù Kìíní, 1994

Àdúràọlá ọmọ mi,

Okun o. Ọdún titun á san wá. Ara mi le, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò le.

Lẹ́tà rẹ dé lẹ́yìn Kérésìmesì. Mo kà á tán, mo wá ibi jókòó sí. Yàrá abẹ́ ilé. Ìbúra. A kì í sọ orúkọ ìdílé. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbọ́, títí kan ìyá. Àdúrà, ṣé o rò pé a kì í gbọ́ ìròyìn ní Kábbà ni? Bí wọ́n ṣe fa ọmọ ọ̀rẹ́ mi kan wọ irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ní yunifásítì tirẹ̀ nìyẹn. Ẹgbẹ́ àánú ni wọ́n pè é fún un, ẹgbẹ́ ìrànlọ́wọ́. Nígbà tí ojú rẹ̀ máa là, àdá ni wọ́n fi lé e lọ́wọ́.

Mo mú lẹ́tà náà lọ bá Pásítọ̀ Andrew. Ó kà á, ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún kà á. Ó ní, “Màmá, ẹ jẹ́ ká gbààwẹ̀.” A gbà á. Ìdí nìyẹn tí n kò fi tètè kọ̀wé.

Mo fi orúkọ James bàbá rẹ bẹ̀ ọ́, jáde níbẹ̀. Bí wọ́n bá ní ẹni tó bá wọlé kì í jáde mọ́, kọ̀wé sí mi, màá wá mú ọ. N kò mọ bí mo ṣe máa wá, ṣùgbọ́n màá wá.

Bàbá Ìlọrin ti dé láti Lọ́kọ́ja ní ọ̀sẹ̀ Kérésìmesì. Ó ní wọ́n fún òun ní ìsinmi. Gbogbo ẹrù rẹ̀ ló kó wá, àti àga ìjókòó rẹ̀. Ìwọ náà mọ̀ pé láti ìgbà tí wọ́n ti dá ìpínlẹ̀ tiwa sílẹ̀, tí wọ́n ní kí òṣìṣẹ́ ìjọba kálukú padà sí ìpínlẹ̀ bàbá rẹ̀, ẹsẹ̀ kan Lọ́kọ́ja, ẹsẹ̀ kan Ìlọrin ló fi ń gbé ayé. Juliet ìyàwó rẹ̀ kò kúrò nídìí ọjà aṣọ rẹ̀ ní Ìlọrin. Yàrá bàbá rẹ ni mo fi í sí. Ó tẹ́ mi lọ́rùn bẹ́ẹ̀, ilé ti pa rọ́rọ́ jù.

Ata tí o béèrè wà nílẹ̀. N kò ní fi ránṣẹ́ sí ọmọ ẹgbẹ́ awo.

Ìyá rẹ,
Martha

*

Leeds
Ogúnjọ́, Oṣù Kejì, 1994

Màmá mi,

Okun o. Ẹ kú ààwẹ̀. Mo ka lẹ́tà yín, mo rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà mo dé ibi tí ẹ ti ní ẹ máa wá mú mi, mo sì sunkún. Ẹ má bínú. Èmi ni n kò ṣàlàyé.

Màmá, kì í ṣe ẹgbẹ́ awo. Tíì àti bisikíìtì ni ohun tó burú jù tí wọ́n ń fún wa níbẹ̀. Iṣẹ́ wa ni pé, bí ọ̀rọ̀ bá pọ̀ ju ẹnu ẹnì kan lọ, ó lè pe tẹlifóònù yẹn, ọ̀kan nínú wa á gbé e, á gbọ́ ọ. Ó lè jẹ́ ẹni tí ìyá rẹ̀ kú, tàbí ẹni tí ìdánwò ń dẹ́rù bà. Ó lè jẹ́ ẹni tí ayé ti sú débi pé ó fẹ́ gbẹ̀mí ara rẹ̀. A kì í wàásù fún wọn, a kì í bá wọn wí, a kì í ní kí wọ́n gbàgbé ẹ̀. A kàn ń gbọ́ wọn. Ìdí tí a kò fi gbọdọ̀ sọ ohun tí a gbọ́ kò ju ìdí tí nọ́ọ̀sì kì í fi í ròyìn aláìsàn lọ́jà. Abẹ́ ilé ìkàwé náà, nítorí pé ariwo kì í dé ibẹ̀ ni.

Ọ̀gbẹ́ni Philip ló ń kọ́ wa. Ó máa ń ní kí ẹni méjì kọ ẹ̀yìn sí ara wọn lórí àga, nítorí ẹni orí tẹlifóònù kì í rí ojú ẹni. Ọ̀kan á sọ ìṣòro, èkejì á gbọ́. Nígbà tó kàn mí, ẹnìkejì mi kò tíì parí gbólóhùn kan tí mo ti gbà á nímọ̀ràn bí ẹ̀ẹ̀mẹrin. Gbogbo yàrá rẹ́rìn-ín. Ọ̀gbẹ́ni Philip ní, “Àdúràọlá, ta ló kọ́ ọ láti máa yára báyìí?” Ó ku díẹ̀ kí n sọ pé ìyá mi ni, ọ̀gá ilé ìwé ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí mo fi wọ̀ ọ́. Ní oṣù Kẹwàá tó kọjá, odidi ọ̀sẹ̀ kan lọ tí ẹnikẹ́ni kò pe orúkọ mi. Mo ń lọ sí kíláàsì, mo ń bọ̀, mo ń sùn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan mo dúró níwájú díńgí, mo kí ara mi ní Okun, mo sì dá ara mi lóhùn. Ọjọ́ yẹn ni mo rí ìwé Afetísílẹ̀ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ògiri.

N kò ní jáde níbẹ̀, Màmá. Kò rọrùn fún mi láti sọ bẹ́ẹ̀ fún yín. Ẹ fọwọ́ wọ́nú.

Ọmọ yín tí kì í ṣe ọmọ awo,
Àdúràọlá

*

Kábbà
Ọjọ́ Kọkànlá, Oṣù Karùn-ún, 1994

Àdúràọlá,

Okun o. O ti máa sọ pé mo ń bínú. Mo bínú lóòótọ́. Láti ọjọ́ tí mo ti bí ọ, o kò kọ ọ̀rọ̀ sí mi lẹ́nu rí, o wá lọ dúró sí òkè òkun kí o tó kọ̀. Mo ní kí n fi ìdákẹ́jẹ́ẹ́ jẹ ọ́ níyà díẹ̀, àmọ́ èmi gan-an ni mo ń jẹ níyà. Gbogbo ìgbà tí ọkùnrin tó ń pín lẹ́tà bá kọjá ni mo ń wò ó.

Pásítọ̀ Andrew ti ka àlàyé rẹ, ó ní kò sí awo nínú rẹ̀. Ojú ń tì í díẹ̀ nítorí ààwẹ̀ náà. Mo ní kó fi í sílẹ̀, ààwẹ̀ kì í ṣòfò.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan ń jẹ mí lẹ́nu. Àwọn tó ń pè yín yẹn, ṣé wọn kò ní ẹbí ni? Níhìn-ín, bí ojú ènìyàn bá fà ro, kí ó tó dé ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀, àdúgbò á ti béèrè ohun tó ṣe é. Ta ni yóò máa wá àjèjì tí yóò sunkún sí létí?

Bàbá Ìlọrin tiẹ̀ pa mí lẹ́rìn-ín. Ó ti ń sùn ní abà oko wa lọ́nà Ìyára báyìí, ó ní ariwo ìlú ń yọ òun lẹ́nu. Ó wá kí mi lọ́jọ́ Ìsinmi, ó ń bá mi bó iṣu, mo sì ń ka lẹ́tà rẹ sí i létí. Nígbà tí mo dé ibi tí o ti sọ pé ẹ kì í wàásù, ẹ kì í bá ènìyàn wí, ó ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Ó ní, “Ìyá Àdúrà, ẹ bá mi béèrè nọ́ńbà wọn.” Ẹ̀rín pa mí. Mo ní ṣé láti Kábbà yìí ló fẹ́ máa bá Òyìnbó sọ̀rọ̀, níbi tí tẹlifóònù wa kì í ti í dé Òkéne dáadáa. Òun kò rẹ́rìn-ín. Ó ń bó iṣu rẹ̀ lọ.

Mo dúpẹ́ ṣá, ara rẹ̀ ti balẹ̀ ju ti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún lọ. Nígbà yẹn kì í jẹun, kì í sọ̀rọ̀. Ní báyìí ó ti fi rédíò rẹ̀ ta Moses aládùúgbò wa lọ́rẹ, ó kó agbádá rẹ̀ tó dára fún ṣọ́ọ̀ṣì. Ọkùnrin tí wọ́n jọ ń jà lórí ààlà oko láti ayébáyé, ó lọ bá a, ó ní kó máa mú ilẹ̀ náà. Ó tilẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo tọ́jú òun. Mo ní ṣé ọpẹ́ ni láàárín wa. Ìwà àgbà ti wọ̀ ọ́.

Ata ń bọ̀. Mo ti dárí jì ọ́.

Ìyá rẹ,
Martha

*

Leeds
Ọjọ́ Kẹfà, Oṣù Kẹfà, 1994

Màmá,

N kò ní kí yín pẹ́. Bí ẹ bá wà lórí ìdúró tí ẹ ń ka èyí, ẹ má wulẹ̀ jókòó. Ẹ lọ bá Bàbá Ìlọrin lónìí.

Joseph ọmọ Ògìdì, tó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ níbí, ló ń mú lẹ́tà yìí bọ̀. Ó ti ṣèlérí pé ọ̀dọ̀ yín ni òun yóò kọ́kọ́ yà kí òun tó dé ilé bàbá òun. Mo ti pe gbogbo nọ́ńbà Kábbà tí mo mọ̀, kò wọlé.

Ẹni tó ti ń ronú fún ìgbà pípẹ́, tí ara rẹ̀ wá ṣàdédé balẹ̀, tó ń pín ohun ìní rẹ̀, tó ń parí ìjà, tó ń dúpẹ́ kiri, wọ́n kọ́ wa pé ká má ṣe gbójú kúrò lára rẹ̀. Ó lè ti pinnu láti kú. Mo lè ṣì í. Ọlọ́run jẹ́ kí n ṣì í.

Ẹ má mú Pásítọ̀ dání lákọ̀ọ́kọ́. Ẹ jókòó tì í. Ẹ bi í ní tààrà pé, “Ṣé o ń ronú láti gbẹ̀mí ara rẹ ni?” Ẹ má pa á lówe. Mo mọ̀ pé a kì í gbé irú ọ̀rọ̀ yẹn sẹ́nu nílé wa. Bíbi í kọ́ ni yóò fi èrò náà sí i lọ́kàn. Bó bá ti wà níbẹ̀, ìbéèrè yín ni yóò fún un láyè láti gbé e sọ̀. Bó bá sọ̀rọ̀, ẹ má dá a dúró. Bó bá dákẹ́, ẹ bá a dákẹ́. Ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀ lẹ́yìn náà, ẹ mú un lọ rí dókítà.

Ẹ jọ̀wọ́, Màmá, ẹ kọ̀wé sí mi.

Àdúrà

*

Leeds
Ọjọ́ Kejìdínlógún, Oṣù Keje, 1994

Ìyá mi,

Okun o. N kò tíì gbọ́ nǹkan kan. Rédíò ibí ní àwọn òṣìṣẹ́ epo ti daṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ yín, pé ọkọ̀ kò rìn. Mo ń sọ fún ara mi pé ìyẹn ló fà á. Joseph náà kò kọ̀wé.

Wọ́n ti ní kí n má jókòó sídìí tẹlifóònù fún ìgbà díẹ̀. Ní ọjọ́ Wẹ́sìdeè, obìnrin kan pè, ó ń sọ̀rọ̀ nípa àbúrò rẹ̀, mo sì rí i pé n kò gbọ́ nǹkan kan nínú ohun tó ń sọ, ojú mi ti wà ní abà lọ́nà Ìyára. Mo sọ fún Ọ̀gbẹ́ni Philip. Ó gbé àga, ó jókòó, ó ní, “Ó yá, sọ fún mi.” Mo sọ̀rọ̀ títí tíì rẹ̀ fi tutù. Kò fún mi nímọ̀ràn kankan. Mo sùn lọ́jọ́ yẹn.

Bí ohun tó burú bá ti ṣẹlẹ̀, ẹ má fi pamọ́ fún mi nítorí ìdánwò. Ẹ kọ ọ́.

Ọmọ yín,
Àdúràọlá

*

Kábbà
Ọjọ́ Kejì, Oṣù Kẹjọ, 1994

Àdúràọlá ọmọ mi,

Okun o. Ó wà láàyè. Mo kọ ìyẹn ṣáájú kí ọkàn rẹ lè balẹ̀ ka ìyókù.

Kò sí epo, kò sí ọkọ̀, lẹ́tà kì í kúrò ní Kábbà. Ẹnì kan tó fẹ́ wá ọ̀nà dé Èkó ló máa bá mi mú èyí lọ. Ká sọ tòótọ́, epo nìkan kọ́. N kò fẹ́ kọ̀wé sí ọ nígbà tí n kò tíì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ máa já sí.

Ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù Kẹfà ni Joseph dé, tòun ti ẹrù lórí. Mo ń fọṣọ. Nígbà tí mo ka ibi tí o ti kọ ọ̀rọ̀ yẹn, inú bí mi sí ọ. Mo ní ọmọ yìí ti kọ́ ìkọ́kúkọ̀ọ́, ó fẹ́ fi ẹnu pe ibi wá sínú ilé. Mo ká ìwé náà pọ̀, mo padà sídìí aṣọ. Rédíò tí Moses ń gbọ́ ní ojúlé kejì ni mo ń gbọ́. Rédíò Bàbá Ìlọrin ni. Mo dìde, mo ní kí Moses fi alùpùpù gbé mi lọ sóko.

Ó ti gbá gbogbo iwájú abà mọ́ féféfé. Ó da ìkòkò dé. Ó jókòó lábẹ́ igi òro, ó ń wo oko iṣu. Moses padà, mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo kí i ní Okun, ó dá mi lóhùn. Ó ní, “Ìyá Àdúrà, kò sí nǹkan o?” Mo ní kò sí nǹkan. Gbogbo ohun tí mo ti tò jọ láti ilé fò lọ kúrò lórí mi. Ìwàásù ló kù ní ẹnu mi. Mo gbé e mì.

O mọ̀ pé ìyàwó ilé yín ni mí, n kì í pe ọmọ ilé lórúkọ, kódà ẹni tí mo bá nínú ṣòkòtò péńpé. Ọjọ́ yẹn mo pe orúkọ rẹ̀. Mo ní, “Ìbítóyè.” Ó yí ojú padà wò mí. Mo ní, “Ṣé o ń ronú láti gbẹ̀mí ara rẹ ni?”

Kò dáhùn. Mo rántí pé o ní kí n bá a dákẹ́. Àdúrà, n kò ṣe iṣẹ́ tó le tó bẹ́ẹ̀ rí. Láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ ọmọdé, n kì í jẹ́ kí ìbéèrè mi wà nílẹ̀. Bí ọmọ bá lọ́ra, èmi fúnra mi á dáhùn, màá sì gbà fún ara mi. Ní abẹ́ igi yẹn, mo di ọwọ́ mi pọ̀, mo jókòó.

Nígbà tó pẹ́, ó ní, “Ta ló sọ fún yín?”

Mo ní, “Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Èmi ni mo béèrè.”

Ó ní, “Mo ní kí n wa iṣu yìí fún yín ná.”

Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń sọ pé òun ń dúró de ọkọ̀. Mo fẹ́ ké, mo fẹ́ dì mọ́ ọn, mo fẹ́ gbá a létí. Mo ní, “Sọ fún mi.” Oòrùn wà lókè nígbà tó bẹ̀rẹ̀, ó ti ń bọ́ sẹ́yìn òkè nígbà tó ṣíwọ́. Mo ṣì í ṣe níbì kan. Mo ní, “Ṣùgbọ́n Juliet ńkọ́?” Ó pa ẹnu dé bí ìlẹ̀kùn. Mo ní, “Má bínú. Máa bá ọ̀rọ̀ rẹ lọ.” Ó pẹ́ kí ó tó tún la ẹnu.

Ohun tó sọ, n kò ní kọ ọ́ síbí, má sì bi mí. Èyí tó gbà kí n sọ fún ọ ni pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó wá sílé, kò sí ìsinmi kankan, kò sì lè wo ojú Juliet kí ó sọ ọ́. Ìyókù wà láàárín èmi àti òun.

Ó ní kí n máa lọ ṣáájú, òun ń bọ̀. Mo ní rárá, a jọ ń lọ ni. Ó wọ inú abà, ó gbé ohun tó ti fi pamọ́ jáde, ó fà á lé mi lọ́wọ́ fúnra rẹ̀. Mo ti sọ ọ́ nù síbi tí kò sẹ́ni tó máa rí i. A fẹsẹ̀ rìn dé títì.

Dókítà rí i lọ́jọ́ Ajé, ó fún un lóògùn, ó ní kó máa wá déédéé. Dókítà náà kò wò ó bí ẹni tó ṣe èèwọ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Pásítọ̀ ń wá, òun náà ti kọ́ láti jókòó kí ó tó gbàdúrà. Kò tíì yá tán o. Ọjọ́ mìíràn á wà tí kò ní dìde lórí ibùsùn, màá gbé àga mi sí ẹnu ọ̀nà, màá máa máàkì ìwé àwọn ọmọ. Ní ọjọ́ mìíràn, á ní ọbẹ̀ mi ti níyọ̀ jù, ara mi á sì yá gágá.

Mo bi ọ́ nígbà kan pé ṣé àwọn ènìyàn yẹn kò ní ẹbí ni. Ó ní ẹbí. Èmi ni ẹbí. A jọ jókòó ti iṣu, ó béèrè ìrànlọ́wọ́ lọ́wọ́ mi, mo fi rẹ́rìn-ín. N kò mọ bí mo ṣe máa gbé ìyẹn.

Ìyá rẹ,
Martha

*

Leeds
Ọjọ́ Kẹta, Oṣù Kẹsàn-án, 1994

Ìyá mi àtàtà,

Okun o. Mo ka ìlà àkọ́kọ́ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìfìwéránṣẹ́, mo sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀. Obìnrin àgbàlagbà kan béèrè bóyá ara mi kò yá. Mo ní bàbá mi wà láàyè. Ó ní inú òun dùn láti gbọ́ bẹ́ẹ̀.

Màmá, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan nípa ẹ̀rín yẹn. Ẹ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ sínú lẹ́tà. Ẹ kọ nípa rédíò, ẹ kọ nípa agbádá. Ohun tí ojú yín rí ni ẹ fi ránṣẹ́ sí mi, òun ni mo fi mọ̀. N kò ní sọ pé kí ẹ má banújẹ́, wọ́n ti kọ́ mi. Mo kàn fẹ́ béèrè pé, ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ tirẹ̀, ta ló ń gbọ́ tiyín? Ọ̀gbẹ́ni Philip ní bí ẹnikẹ́ni nínú wa bá gbọ́ ọ̀rọ̀ tó wúwo, kò gbọdọ̀ gbé e lọ sílé lóun nìkan. Ẹ máa kọ tiyín sí mi. Ẹ kò ní láti sọ tirẹ̀.

Mo ti padà sídìí tẹlifóònù. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ titun ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀, yunifásítì sì ti fún ẹgbẹ́ wa ní yàrá kejì. Wọ́n ní kí n wà lára àwọn tí yóò máa kọ́ wọn. Ó wù mí láti sọ fún wọn nípa obìnrin kan tó jókòó lábẹ́ igi ní Kábbà. Ṣùgbọ́n n kò ní sọ ọ́ bí Bàbá Ìlọrin kò bá gbà. Ẹ bá mi bi í.

Mo fi ìwé pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń kọ́ wa sínú àpò lẹ́tà yìí.

Ọmọ yín,
Àdúràọlá

*

Kábbà
Ogúnjọ́, Oṣù Kọkànlá, 1994

Àdúràọlá mi,

Okun o. Ọyẹ́ ti wọlé, ètè gbogbo wa ti bó.

Mo bi Bàbá Ìlọrin. Ó rò ó fún ọjọ́ mélòó kan. Ó ní kí o sọ ọ́, ṣùgbọ́n kí o má pe Ìlọrin, kí o má pe Kábbà, kí o ní ará Òkéne ni òun. Mo ní kí ni ará Òkéne ṣe fún un. Ó rẹ́rìn-ín.

Ìwé pẹlẹbẹ rẹ wúlò. Èmi àti Rhoda, olùkọ́ kíláàsì kẹta, ti ń túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Owé tiwa lẹ́yìn ilé ìwé. Àwọn Òyìnbó ní orúkọ gígùn fún iṣẹ́ gbígbọ́ yìí, kò sì bá ẹnu wa mu. A fi ọjọ́ méjì jiyàn. Níkẹyìn a pè é ní jíjókòó ti ènìyàn. Bíọ́lá tó ń kọ́ni ní kọ́lẹ́ẹ̀jì gbọ́, ó ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò jáde di olùkọ́ nílò rẹ̀, kí a wá kọ́ wọn. A bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo ní kí ẹni méjì kọ ẹ̀yìn sí ara wọn lórí àga. Ọmọkùnrin kan ti ń gba ẹnìkejì rẹ̀ nímọ̀ràn kó tó jókòó dáadáa. Mo ní kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu, mo mọ ẹni tó ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ.

O bi mí ta ló ń gbọ́ tèmi. Ìwọ ni. Rhoda náà ni. Mo sunkún lọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ kan nítorí bàbá rẹ, èyí tí n kò sun nígbà ìsìnkú nítorí àlejò pọ̀.

Juliet wá láti Ìlọrin. Bàbá Ìlọrin fúnra rẹ̀ ló kọ̀wé pè é. Àwọn méjèèjì wọ yàrá, mo gbọ́ ohùn Juliet tó lọ sókè, n kò sì lọ sẹ́nu ọ̀nà. Inú mi dùn sí ara mi. Nígbà tí wọ́n jáde, Juliet béèrè ibi tí odó wà, ó ní iyán ni òun fẹ́ gún. Ó ti lo ọ̀sẹ̀ méjì báyìí. N kò mọ ibi tí wọ́n máa gbé, n kò sì bi wọ́n.

Bàbá Ìlọrin ní òun náà fẹ́ kọ nǹkan sí ọ. N kò kà á. Ó wà nínú àpò lẹ́tà yìí.

Ìyá rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Martha

*

Kábbà

Àdúrà ọmọ mi,

Okun o. Ìwé kíkọ ti di iṣẹ́ fún mi, má wo bí lẹ́tà mi ṣe rí. Ara mi ń yá. Kì í ṣe ojoojúmọ́, ṣùgbọ́n ó ń yá.

Ìyá rẹ ń ṣọ́ mi bí ẹni ń ṣọ́ ìrẹsì lọ́wọ́ ẹyẹ. Mo ti ní kó máa sinmi díẹ̀. Ó ní òun ò gbọ́.

Èmi àti Juliet lọ wo oko lánàá. Apá òkè níbẹ̀, níbi tí iṣu kì í ti í ta dáadáa, a ní a máa gbin kajú síbẹ̀ bí òjò bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Àwọn tó mọ̀ ọ́n gbìn ní ó máa tó ọdún mẹ́ta kó tó so. Juliet ní ṣé kò ti pẹ́ jù. Mo ní kò pẹ́, a máa dúró dè é.

Èmi ni,
Ìbítóyè, bàbá rẹ